Ìpinnu Ọdún Tuntun, àti Bí A Ó Ti Bá Ara Wa Lò Nígbà tí A Bá Kùnà

  

Ní òru ìparí ọdún, nígbà tí a bá pé jọ fún ìsìn àìsùn, tí ó sì kù díẹ̀ kí aago lu méjìlá, kò sí ẹni tí kò ní ìpinnu kan ní ọkàn. Ọ̀kan pinnu pé òun kì yóò mu ọtí mọ́. Èkejì pé òun yóò san gbèsè tí òun jẹ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta pé òun kì yóò fi ìbínú na ọmọ mọ́. Ìyá àgbà kan pinnu pé òun yóò kọ́ bí a ti í ka Bíbélì fúnra òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pinnu pé òun yóò máa jí kí àkùkọ tó kọ. Ìpinnu rere ni gbogbo wọn, èmi kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀, bí èmi ti mọ̀, pé kí ọyẹ́ tó káṣẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọ́ bí ìkòkò. Bí a ti í ṣe ìpinnu kọ́ ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Ìwàásù ti pọ̀ lórí èyíinì. Ọjọ́ kejì tí ìpinnu fọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọjọ́ náà ni ó léwu jù nínú gbogbo ọdún.

Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, káfíńtà kan wà tí ó mọ iṣẹ́ púpọ̀. Òun ni ó kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àga ilé-ìsìn wa. Ògógóró ni ìṣòro rẹ̀. Ní ìsìn àìsùn ọdún kan, ó dìde dúró lójú gbogbo ìjọ, ó ní láti òru ọjọ́ náà lọ òun kì yóò fi ẹnu kan ọtí mọ́. Gbogbo wa yin Olúwa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ń sin òkú àna rẹ̀ kan. Wọ́n gbé ife fún un; ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ kejì kò wá sí àdúrà òwúrọ̀, mo sì lọ bá a ní ilé. Kí n má purọ́, èmi kò lọ tù ú nínú. Mo lọ bi í léèrè ni. Mo wí fún un pé ó ti purọ́ fún Ọlọ́run lójú ènìyàn, mo sì wí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí èmi kò ní kọ sínú ìwé yìí. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí mo fi parí. Nígbà náà ni ó wí pé, "Òótọ́ ni ẹ sọ, Tíṣà. Ọdún yìí ti bàjẹ́. Kí ó kúkú bàjẹ́ tán. Bí ẹ̀mí bá wà, tí a rí ọdún mìíràn, a ó tún un bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ó mu ọtí láti oṣù kìn-ín-ní títí di Kérésìmesì. Ó ta ayùn, ó ta òòlù. Aya rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́. Ife ọtí kan ba ọjọ́ kan jẹ́. Ọjọ́ 356 ni ó ṣẹ́kù nínú ọdún náà lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án. Kí ni ó ba ìwọ̀nyí jẹ́? Ife náà kọ́. Èrò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni, àti ẹnu èmi tí ó fi ìdí èrò náà múlẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin àgbẹ̀ léèrè. Nígbà míràn òjò àkọ́rọ̀ a rọ̀ ní oṣù kẹta, a ó sì fi ìyára gbin àgbàdo. Òjò náà a sì tàn wá jẹ, oòrùn a mú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìdajì ebè kò hù, àparò sì ti wú nínú èyí tí ó kù. Àgbẹ̀ wo ni ó ń jókòó sí etí oko tí ó ń bú ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ? Àgbẹ̀ wo ni ó ń sọ pé nítorí pé ìdajì kò hù, kí a ti iná bọ ìdajì tí ó hù? Yóò dúró de òjò mìíràn, yóò bu irúgbìn sínú igbá, yóò máa wo ibi tí àlàfo wà, yóò sì máa gbin tuntun síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkó. Ẹni tí ó ti gbin kòkó rí mọ̀ pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, bí ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá tó, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ igi náà ni yóò gbẹ. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń tọ́jú díẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n lè fi dí àyè tí ó ṣófo nígbà tí òjò bá padà. Wọ́n ti mọ̀ ṣáájú pé díẹ̀ yóò kú. Kò sí ẹni tí ó pe èyíinì ní àìnígbàgbọ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni ọdún tuntun yìí bọ́ sí. Àyàfi ẹni tí ó ní àkùrọ̀, ta ni ń gbin àgbàdo ní oṣù kìn-ín-ní ní ilẹ̀ wa? Igbó ni a ń ṣán nígbà náà. A ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sun ún, a ó sì kọ ebè nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ẹni tí ó bá lọ wo oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, eérú àti kùkùté ni yóò rí. Ìpinnu òru àìsùn, igbó ṣíṣán ni. Kí ni ó wá dé tí a fi ń wá èso lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án?

Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn ènìyàn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní àkókò wa. Ní ọdún 2003, obìnrin kan tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní Austin ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kristin Neff, kọ̀wé nípa ohun tí àwa lè pè ní ṣíṣàánú ara ẹni, ó sì fi ohun mẹ́ta ṣe àlàyé rẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí ènìyàn máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí yóò ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ṣubú sọ̀rọ̀. Èkejì ni pé kí ó mọ̀ pé ìkùnà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti gbogbo ọmọ aráyé ni. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó wo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí gan-an, kí ó má fi í pamọ́, kí ó má sì sọ abẹ́rẹ́ di ọkọ́. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn bàbá wa ti wí pé ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ohun tí a kò ronú sí ni pé ọmọ náà lè jẹ́ àwa fúnra wa. A ní ọwọ́ méjèèjì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n fún ara wa, òsì nìkan ni a ń lò.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Bí a bá ń ṣàánú ara wa báyìí, ṣé a kò ní di ọ̀lẹ?" Èmi ni mo kọ́kọ́ bèèrè bẹ́ẹ̀, nítorí olùkọ́ ni mí, pàṣán sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Ní Kánádà, wọ́n yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 119 wò, tí wọ́n wà ní ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì. A sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2010. Àwọn kan nínú wọn ti fi ìwé kíkà falẹ̀ kí ìdánwò kìn-ín-ní tó dé. Nígbà tí ìdánwò kejì ń bọ̀, ta ni ó dín ìfalẹ̀ kù? Àwọn tí wọ́n ti dárí ji ara wọn fún ti ìṣáájú ni. Ìwádìí mìíràn wà tí Claire Adams àti Mark Leary gbé jáde ní ọdún 2007, lórí àwọn obìnrin tí ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí wọ́n má baà sanra. Wọ́n fún wọn ní àkàrà òyìnbó dídùn, èyí tí a dín nínú òróró, pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ fún àwọn kan pé kò sí ẹni tí kì í jẹ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fi ìyà jẹ ọkàn wọn nítorí rẹ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun fún àwọn yòókù. Wọ́n wá gbé oríṣiríṣi ohun dídùn sí iwájú wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n jẹ díẹ̀. Nínú àwọn yòókù, ẹni tí ó ń ṣọ́ra fún oúnjẹ jù ni ó jẹ púpọ̀. Bí mo ti ń ka èyí, ojú káfíńtà náà ni mo ń rí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tí ó bá ń dójú ti ni, a kì í fẹ́ súnmọ́ ọn. Ajigbèsè kì í gba iwájú ilé ẹni tí ó yá a lówó kọjá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba òdo nínú ìṣirò, ìwé ìṣirò ni ó kọ́kọ́ ń fi pamọ́. Ẹni tí ó sì ń bú ara rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò máa sá fún ara rẹ̀, ibi tí ó sì ń sá lọ kì í sábà jìnnà sí ilé ọtí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí nítorí ìlera wa. Àwọn alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ ní àárín wa nísinsìnyí. Dókítà fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́, wọ́n sì pinnu pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, wọ́n gbàgbé. Tàbí owó kò sí lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Nígbà náà ni ìtìjú dé: "Kí ni n ó wí fún nọ́ọ̀sì? Yóò bú mi." Nítorí èyí wọn kò padà lọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì máa ru ní ìkọ̀kọ̀, láìsí ìrora kan, títí ọjọ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀kan yóò fi kú lára wọn. Mo ti sin irú òkú bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, bí ẹ bá gbàgbé oògùn, ẹ má ṣe lo ìlọ́po méjì láti fi dí i; ẹ padà sí ìwọ̀n tí a fún yín, kí ẹ sì lọ sọ òtítọ́ ní ilé-ìwòsàn. Bí wọ́n bá bú yín, ẹ fara dà á. Èébú kì í di ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Ṣíṣàánú ara ẹni yàtọ̀ sí kíkẹ́ ara ẹni bàjẹ́. Ẹni tí ń kẹ́ ara rẹ̀ bàjẹ́ yóò wí pé, "Kò ṣe nǹkan," yóò sì tún na ọwọ́ sí ife. Ẹni tí ń ṣàánú ara rẹ̀ yóò wí pé, "Ó ṣe nǹkan, mo ṣubú, níbo ni mo ti ṣubú?" Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn náà ni mo ń wí, kì í ṣe sísùn sílẹ̀ níbi tí a ṣubú sí. Ẹ rántí òwe Olúwa wa nípa igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ń tọ́jú ọgbà náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún un ní ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n kò ní òun yóò lọ jókòó lábẹ́ ibòji. Ó ní òun yóò gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, òun yóò sì fi ìlẹ̀dú sí i. Àánú tí ó mú ọkọ́ lọ́wọ́ ni èyíinì. Nígbà tí Èlíjà sì sá lọ sí aginjù, tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, tí ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ bá a wí. Àkàrà àti omi ni ó gbé wá, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn, kí ó tó sọ fún un pé ọ̀nà ṣì jìn. Mélòó nínú wa ni ó ń gbìyànjú láti yí ìwà padà nígbà tí ebi ń pa á, tí kò sì sùn fún òru mẹ́ta?

Àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì láàárín wa mọ Ìsìn Májẹ̀mú tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. John Wesley ni ó kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755. Mo ti ronú nípa rẹ̀ púpọ̀: bí ó bá jẹ́ pé a retí kí ẹnikẹ́ni má kùnà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a bá ṣe é. Ọdọọdún ni a ń tún un ṣe, nítorí a mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Ní ọdún 1755 kan náà ni Samuel Johnson, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀ jáde. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò lè jí ní òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà rẹ̀ pé òun yóò máa tètè jí, tí kò sì ṣeé ṣe. Ní ọdún 1775, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wo gbogbo ìpinnu tí ó ti fọ́ wọ̀nyí, ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń tún pinnu; ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé àtúnṣe kò ṣeé má ṣe, àti pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a sọ ìrètí nù. (Ẹ má ṣe pè é mọ́ Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tiwa, tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Òun náà mọ ohun tí a ń pè ní àtúnbẹ̀rẹ̀: ó parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé náà sọnù ní òkè òkun, ó sì kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́.)

Ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí òun yóò ṣe, èmi yóò sọ ohun tí mo ti rí pé ó ṣiṣẹ́. Mú ìpinnu kan ṣoṣo, kí o sì dín in kù títí yóò fi dà bí ohun tí ó kéré jù lójú rẹ. Ẹni tí ó fẹ́ ka gbogbo Bíbélì, kí ó ka ẹsẹ márùn-ún. Kí o wá so ó mọ́ ohun tí o ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, bí fífọ ẹnu tàbí mímu ẹ̀kọ òwúrọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn ènìyàn 96 tí wọ́n ṣe irú èyí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2010. Nínú ìṣirò wọn, nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìwà tuntun máa ń gbà kí ó tó mọ́ni lára. Ti àwọn mìíràn yá ní ọjọ́ 18, ti àwọn mìíràn lè tó ọjọ́ 254. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún tuntun, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni ọjọ́ 66 rẹ̀ yóò bọ́ sí, nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú fún òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n sì rí ohun mìíràn tí inú mi dùn sí: ẹni tí ó fo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́ rárá, bí ó bá ti padà ní ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, bí o bá ṣubú, má ṣe dúró de ọdún mìíràn, má ṣe dúró de Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá. Òwúrọ̀ ọ̀la ti tó. Kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà méjì: ibi tí o wà, àti ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ. Má ṣe kọ èébú sí i. Bí o kò bá mọ ohun tí ìwọ yóò sọ fún ara rẹ, ro ó pé ọmọ rẹ ni ó wá bá ọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí ní òru. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún un, fún ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́: kí ó má ṣe dá a dúró lójijì láìsí dókítà. Ara lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè gbé e. Ènìyàn lè ti ibẹ̀ kú. Kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn, wọn yóò mọ bí wọ́n ṣe lè ràn án lọ́wọ́.

Ní ti káfíńtà náà, ó tún dìde ní òru àìsùn ọdún kejì. Ohùn rẹ̀ kò dún sókè bí ti ìṣáájú, mo sì rí àwọn kan tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Wọ́n gbà á sí ilé-ìwòsàn fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì padà wá. Ní oṣù kejì, níbi ìkómọjáde kan, ó tún mu. Mo lọ sí ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí mo gbé àga ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán dání. Ó ń wò mí, ó ń retí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé ìwọ yóò ráyè bá mi tún èyí ṣe lónìí?" Ó ní òun kò ní ayùn mọ́. Mo ní mo ti yá ayùn kan wá. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Tíṣà, ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá?" Mo ní mo ti gbọ́. Ó mú àga náà, ó yí i dorí kodò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ó ti kán. Ìgbà méjì sí i ni ó ṣubú nínú ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá sọ fún mi ní ìgbà méjèèjì, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí Ìkórè tó dé, aya rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ padà wá sílé.